Ìrántí Òkè-Àfà: Ohun Tí Àwọn Òbí Máa Ń Bi Wá Ní Gbogbo Oṣù Kìíní

Bí a bá ti wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun báyìí, àwọn òbí á máa dá mi dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé wa ní Ìsọlọ̀. Ọmọ wọn ti délé sọ pé Ańtí ní a ó ṣe ìrántí àwọn tó kú lọ́jọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, pé a ó sì lọ kí àwọn panápaná. Ìbéèrè á wá pọ̀, ó sì yẹ kó pọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Mo kó àwọn tí mo máa ń gbọ́ jù síbí. Níbi tí mo bá ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ó kàn mí gan-an ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Mi ò tíì dé Èkó nígbà yẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Iná kan ṣẹ́ yọ nítòsí bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà, ó sì ràn dé ibi tí wọ́n kó àdó olóró àti ohun ìjà pamọ́ sí. Ó bú. A rò pé ó ti tán, ó tún bú. Bẹ́ẹ̀ ló ń bú léraléra títí ilẹ̀ fi mọ́. Gíláàsì fèrèsé fọ́ láwọn àdúgbò tó jìnnà sí Ìkẹjà. Àwọn kan ní sójà ń gbàjọba, àwọn kan ní ogun ti dé, àwọn mìíràn ní òpin ayé ni. Kò sẹ́ni tó jáde wá sọ ohun tó jẹ́ fún wa, tàbí ibi tó yẹ ká gbà. Ibi tí èrò bá ń sá lọ, ibẹ̀ ni kálukú ń sá lọ.

Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó gba ọ̀dọ̀ wa ní Ìsọlọ̀ forí lé Èjìgbò. Kánáàlì Òkè-Àfà ló wà lọ́nà. Ewéko orí omi, irú èyí tó fara jọ ojúoró, ti bo ojú omi náà bámúbámú. Lójú ẹni tó ń sáré nínú òkùnkùn, pápá ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹlẹ̀, omi sì gbé wọn mì. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ṣáà ń ti ara wọn síwájú. Òkú tí wọ́n gbé jáde nínú kánáàlì yẹn nìkan tó 600. Gbogbo àwọn tó kú lápapọ̀ lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò rílé padà sí.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Bàtà mi kan bọ́ nítòsí Òṣòdì, ìyá mi ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mú un. A ò dé Òkè-Àfà. Kì í ṣe pé a gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Orúnkún ló ń dun ìyá mi, ló bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan, ó fà mí mọ́ra, ó ní bó bá jẹ́ ibí ni, kó jẹ́ ibí. Lọ́jọ́ kẹta, a kọjá létí kánáàlì. Bàtà ló kún bèbè rẹ̀: sílípáàsì, sáńdà ọmọ ilé ìwé, àti bàtà obìnrin pupa kan tí okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídè. Mi ò mọ bí bàtà ṣe ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ènìyàn láìtú okùn rẹ̀. Mo ṣì ń ro ó.

Kí ló wá kan panápaná nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó kú sómi?

Ohun tó pa wọ́n ni pé kò sẹ́ni tó sọ pé "Ẹ dúró, omi ni, ibí ni kí ẹ gbà." Ní ọdún 2002, kò tíì sí LASEMA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ọmọ àdúgbò àtàwọn tó mọ̀wẹ̀ ló ń wọ omi lọ. Àwọn Red Cross ń kọ orúkọ ọmọ tó sọ nù sílẹ̀ kí wọ́n lè bá wọn wá òbí wọn. Bí a bá ní kí ọmọ rántí Òkè-Àfà, tí a kò kọ́ ọ ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹkún lásán la fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi so ọjọ́ náà pọ̀ mọ́ àwọn tó máa ń sáré lọ síbi tí àwa ń sá kúrò.

Ọmọ mi ò ju ọdún 6 lọ. Ṣé kí n sọ fún un?

Ẹ sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ bù ú níwọ̀n. Ọmọ ọdún 6 kò nílò iye òkú. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn kéékèèké kò ju báyìí lọ: "Lọ́jọ́ kan, ariwo ńlá dún ní Ìkẹjà. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, wọ́n sáré, ọ̀pọ̀ sì kó sómi, wọ́n kú. A ò gbàgbé wọn. Lónìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti wá ràn wá lọ́wọ́." Màá wá dákẹ́. Bí ọmọ bá tún bi mí, màá dá a lóhùn. Bí kò bá bi mí, a ó mú kírẹ́yọ̀nù.

Ọmọ ọdún 9 tàbí 10 á fẹ́ mọ ìdí. Ta ló kó àdó olóró sáàárín ìlú? Kí ló dé tí wọn ò kìlọ̀ fún wa? Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ sọ òótọ́ fún un pé kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbi tí ènìyàn ń gbé, àti pé ọ̀gá sójà tó wà níbẹ̀ nígbà náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun kan tí mi ò fara mọ́ ni kí á máa sọ pé àwọn tó kú "sùn". Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé òkú ń sùn, ibùsùn á di ohun ẹ̀rù fún un.

Fídíò àti fọ́tò irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ wà lórí fóònù mi. Ṣé kí n fi hàn án?

Rárá. Òkú náà ní ẹbí. Ohun tí ojú ọmọdé bá sì ti rí, kò sí bí a ṣe máa gbà á padà lójú rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọmọkùnrin mi ti gbọ́ ìtàn náà, bí tiransifọ́mà bá bú ládùúgbò, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sọ fún un pé ọkùnrin kì í bẹ̀rù. Ẹ dì í mú. Ẹ sọ orúkọ ariwo náà fún un: "Tiransifọ́mà ni, kì í ṣe àdó olóró." Lẹ́yìn náà, kí ẹ fún un níṣẹ́. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ibi tí gbogbo ilé máa pàdé bí ẹ bá ní láti sáré jáde, bóyá lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé kejì, tàbí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Òun ni kó mú yín débẹ̀, kó ka gbogbo yín bóyá ẹ pé. Mo ti rí i pé ẹ̀rù máa ń rọlẹ̀ lára ọmọ tó bá mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ.

Bó bá lé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò rí oorun sùn, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, títí mo fi wọ yunifásítì, mi ò lè kọjá lórí omi Òkè-Àfà láìdi ẹnìkan lọ́wọ́ mú.

Ọmọdé lásán ni wọ́n. Kí ni wọ́n lè ṣe fún panápaná?

Ìbéèrè yìí gan-an la bi ọ̀gá panápaná kan nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ. Mo rò pé á ní kí a máa fi àdúrà ran àwọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀nà ni. Kí ẹ ṣáà fún wa lọ́nà."

Ó ní bí àwọn ṣe ń fọn fèrè tó, ọkọ̀ ò ní yà. Bí ẹnìkan bá sì yà, danfo mẹ́ta á kó wọ àyè náà, wọ́n á tò tẹ̀ lé ọkọ̀ panápaná lẹ́yìn bí ẹni ń sìnyàwó. Ó kan áńbúláǹsì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn fèrè náà, pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń wakọ̀. Bàbá kan wá bá mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó ní inú gósílóò ní Cele làwọn wà, ni ọmọ òun ọdún 7 bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún: "Dádì, ẹ yà fún wọn, ilé ẹnìkan ń jó." Ó ní òun yà, ẹni tó wà níwájú òun náà sì yà.

Ọ̀nà kò pin sí títì ńlá o. Ẹ wo géètì àdúgbò yín. Bí wọ́n bá tì í lálẹ́, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ó máa ń sùn níbẹ̀? A ní kí àwọn ọmọ Pírámárì 5 lọ béèrè nílé, kí wọ́n wá jábọ̀. Ju ìdajì wọn lọ ni kò rí ẹni tó mọ̀. Ìpàdé àdúgbò méjì ló jókòó nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn, inú mi sì dùn dọ́ba.

Kí wọ́n má sì pé jọ wòran. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé alájà mẹ́ta tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fáàjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èrò tó ya débẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó fẹ́ yọ ọmọ lábẹ́ àwókù ń wá àyè. Bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ fọwọ́ lásán wúlẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé ọmọ jáde kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Àmọ́ nígbà tí àwọn oníṣẹ́ bá ti dé, iṣẹ́ àwa tó kù ni láti sún sẹ́yìn, kí fóònù sì wà lápò.

Wọn kì í tètè dé, wọn kì í sì í gbé omi wá. Kí ni ọmọ mi fẹ́ máa dúpẹ́ fún?

Mo mọ ìbínú yẹn. Iná jó nínú ọgbà tí à ń gbé nígbà kan, àwọn tí a pè dé lẹ́yìn tí òrùlé ti wọlẹ̀. Mo pariwo lé wọn lórí pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ìgbà tí a wá lọ sí àgọ́ panápaná pẹ̀lú àwọn ọmọ ni mo tó gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà.

Omi wà nínú ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú u lé iná ńlá lórí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń tán. Wọ́n á ní láti lọ pọn òmíràn. Ẹni tó bá dé ní àkókò yẹn á rí ọkọ̀ tó gbẹ, á ní wọn ò gbé omi wá. Èkejì ni pé a kì í tètè pè wọ́n. A ó kọ́kọ́ máa da yẹ̀pẹ̀ àti omi ọṣẹ lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí àwọn kan rò pé panápaná máa gba owó. Ọ̀fẹ́ ni. Gósílóò àti géètì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló tún kù.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí a bá níbẹ̀ ní àpá níwájú orí. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi na ìka sí i, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé iná ló jó yín?" Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ náà lè fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Rárá, òkúta ni. Àwọn tí a wá bá paná ló sọ ọ́." Kíláàsì tó máa ń pariwo bí ọjà wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Èyí kò ní kí ẹ má béèrè ẹ̀tọ́ o. Bí ọkọ̀ wọn bá ti gbó, bí àgọ́ bá jìnnà sí ọjà tí èrò pọ̀ sí, ìjọba ló yẹ ká bi. Àwọn ọmọ wa ńlá ti kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ rí, pé kí wọ́n wá ibi tí panápaná á ti máa rí omi pọn ládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bá wọn béèrè irinṣẹ́.

Nọ́ńbà wo ni kí ọmọ mi mọ̀?

112 tàbí 767. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì l'Ékòó, ìbáà jẹ́ iná, ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí ilé tó wó. Kí ọmọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bóyá ènìyàn wà nínú rẹ̀, kó má sì pa fóònù títí wọ́n á fi ní kó pa á.

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ló máa ń fa wàhálà. Ẹ dán ọmọ yín wò lónìí. Mo bi ọ̀kan nínú tiwa pé níbo ni ilé yín wà, ó ní, "Ẹ̀yìn Ìyá Alákàrà." Panápaná kò mọ Ìyá Alákàrà. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ àdúgbò, nọ́ńbà ilé, àti ohun ńlá kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nítòsí: ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, báńkì. Kó máa sọ ọ́ bí orin. Kó sì yé e pé ẹni tó bá fi nọ́ńbà yìí ṣeré ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń jóná lọ́wọ́.

Ṣé kí n fún un lówó tàbí oúnjẹ tó máa kó fún wọn?

Kì í ṣe owó. Oúnjẹ sísè náà, ẹ jẹ́ kí á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn ná, nítorí wọ́n lè jáde nígbàkigbà kí ó sì bàjẹ́. Páálí omi, ọṣẹ, tówẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń gba ìyẹn tọwọ́tẹsẹ̀.

Lẹ́tà ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ má bá a kọ ọ́ o, ẹ má sì tún un kọ. Ọmọ kan kọ ní èṣí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọ bàtà yín kí ẹ tó sáré. Ṣé ẹ máa ń rí oúnjẹ jẹ? Èmi ni, èmi tí mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé." Kò kọ orúkọ. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a bá a lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń fi akoto kọ́ sí.

Ṣé panápaná nìkan ni?

Rárá o. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ áńbúláǹsì, LASEMA, Red Cross, àwọn ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. A máa ń sọ ìtàn méjì fún àwọn ọmọ. Èkíní ni ti Dókítà Ameyo Stella Adadevoh. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ní àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn tí dókítà yìí wà ní Ọ̀báléndé. Wọ́n fúngun mọ́ dókítà náà pé kó jẹ́ kí ọkùnrin yìí lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Àrùn náà ran òun fúnra rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 8 péré ló kú ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ ro iye tí ì bá jẹ́ ká ní ó wọ inú ìlú lọ.

Èkejì ni Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Abúlé-Àdó. Nígbà tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde. Òun kò jáde. Olùkọ́ ni, kò wọ akoto, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó iná pípa fún un.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó dé ńkọ́?

Kó sá jáde, kó má padà wọlé torí báàgì tàbí fóònù. Bí èéfín bá kún yàrá, kó rákò, atẹ́gùn tó dára wà nísàlẹ̀. Bí aṣọ bá gbiná lára rẹ̀, kó má sáré, kó dùbúlẹ̀ kó yí gbiiri. Bó bá gbọ́ òórùn gáàsì, kó má tan iná, kó má pa iná, kó ṣí ilẹ̀kùn kó jáde. Bí táńkà epo bá ṣubú, kó sá lọ jìnnà réré, ẹni yòówù kó gbé jálá dání. Bí iná bá jó o lára, omi tútù ni: omi tó ń ṣàn láti ẹ̀rọ fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Àwọn àgbà ló nílò èyí tó gbẹ̀yìn yìí ju ọmọ lọ.

Mùsùlùmí ni wá. Irú àdúrà wo lẹ máa ń gbà?

Ọmọ Mùsùlùmí kan á gbà, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan á gbà, a ó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó wà nínú omi yẹn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn kí wọ́n tó di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó kú. Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kí ọmọ mi wà níbẹ̀.

Ẹ kú ọ̀fọ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ní kó jókòó sílé, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wá, ẹ lè kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sórí ìwé kékeré kan, a ó kà á pẹ̀lú àwọn yòókù. Ní ọdún tó kọjá, màmá kan wá fúnra rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì láàárín àwọn ọmọ ọdún 8, lórí àga kékeré wọn. Nígbà tí a ka orúkọ ọmọ rẹ̀, ó dáhùn pé "Ó wà níbí."

Kí ni kí ọmọ mú wá lọ́jọ́ náà?

Omi mímu, fìlà nítorí oòrùn, àti lẹ́tà rẹ̀. Kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín wà nínú àpò rẹ̀. A ó kúrò nílé ìwé ní aago 9 àárọ̀, a ó padà kí ó tó di aago 1. Ẹ má wọ sílípáàsì fún un. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni, kí ẹ sì bá a so okùn rẹ̀ kó le dáadáa.